Igi Tí Apá Ò Ká

Oṣù tó kọjá ni àbúrò mi ọkùnrin pè mí pé kí n wá sí Oko Bàbá, ọgbà àwọn onípákó létí ọ̀sà ní Èbúté Mẹ́ta, kí a jọ palẹ̀ ẹrù Bàbá wa mọ́ nínú ṣẹ́ẹ̀dì. Mo débẹ̀ ní nǹkan bí aago méje àárọ̀. Gẹdú kan wà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n gbé e lé orí igi méjì, omi ọ̀sà ṣì ń kán lábẹ́ rẹ̀. N ò mọ ohun tó bá mi. Mo bẹ̀rẹ̀, mo fi apá méjèèjì gbá a mọ́ra bí ẹni gbá ọmọ. Ìka ọwọ́ mi pàdé lábẹ́ rẹ̀, wọ́n tilẹ̀ gun ara wọn. Àbúrò mi ń wò mí, kò sọ̀rọ̀. Ọmọ onígẹdú ni òun náà, ó mọ ohun tí mò ń wọ̀n.

Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún méje, Bàbá wa mú mi dúró níwájú gẹdú ìrókò kan nínú ọgbà yìí kan náà. Ó dùbúlẹ̀ ni o, síbẹ̀ ó ga jù mí lọ. Wọ́n ní kí n fi àyà lé ojú ibi tí ayùn ti gé e, kí n na apá mi dáadáa. Mo nà án títí èjìká fi ń dùn mí. Ọwọ́ mi kò kan etí igi náà lọ́tùn-ún, kò kàn án lósì. Bàbá wa rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "O rí i? Apá kì í ká oṣè. Apá ayé ò ní ká ìwọ náà." Àdúrà ni wọ́n fi igi yẹn ṣe fún mi.

Ìran mẹ́rin ni ìdílé wa ti jẹ nínú gẹdú létí ọ̀sà Èkó. Èmi kọ́ ni mo jogún iṣẹ́ náà, iṣẹ́ olùkọ́ ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ṣùgbọ́n èmi ni mò ń bá wọn kọ ìwé ọjà láti ìgbà tí mo ti mọ ìṣirò, etí mi sì ni wọ́n sọ ọ̀pọ̀ ìtàn yìí sí. Bí ọgbà náà ṣe ń kógbá sílé yìí, mo fẹ́ kọ ọ́ kí ó tó bọ́ lọ́wọ́ wa.

Bàbá Ejìnrìn ni a ń pe bàbá tó bí bàbá bàbá mi. Ejìnrìn ni wọ́n ti wá, níbi tí àwọn Ìjẹ̀bú ti máa ń kó irè oko sínú ọkọ̀ ojú omi wá sí Èkó. Inú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n bá dé, lọ́dọ̀ọ́, ọ̀pá ìtukọ̀ lọ́wọ́. Ilé tí wọ́n ń kọ́ ní Èkó ló mú ojú wọn. Erékùṣù Èkó nígbà yẹn kún fún iṣẹ́ ọwọ́ àwọn Àgùdà, àwọn tó ti oko ẹrú Brazil padà wálé pẹ̀lú iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà àti bíríkìlà. Àwọn ni wọ́n ní fèrèsé onípákó pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ, àwọn ni wọ́n ní ilẹ̀kùn tí wọ́n gbẹ́ òdòdó sí lórí. Ẹni tó bá ti wo mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey, tí wọ́n ṣí ní 1894, tí João Baptista da Costa tó jẹ́ Àgùdà kọ́, á mọ irú ọwọ́ tí mò ń sọ. Àwọn oníṣẹ́ yìí nílò pákó lójoojúmọ́, kò sì sí ẹ̀rọ lọ́dọ̀ àwọn tí Bàbá Ejìnrìn bá ṣiṣẹ́. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń la igi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe ń là á, nítorí pé ọmọ mi kò gbà mí gbọ́ nígbà tí mo kọ́kọ́ sọ ọ́. Wọn á gbẹ́ kòtò tó jìn ju èèyàn lọ. Wọn á yí gẹdú sórí rẹ̀. Wọn á rẹ okùn sínú omi èédú, wọn á nà án láti orí dé ìdí igi náà, wọn á fi ìka méjì fà á sókè, wọn á jù ú sílẹ̀: pàá! Ìlà dúdú á hàn gbangba. Ẹnì kan á dúró sórí igi, ẹnì kan á wọ inú kòtò, ayùn gígùn á wà láàárín wọn. Ẹni òkè ló ń tẹ̀ lé ìlà. Ẹni ìsàlẹ̀ kò rí ìlà kankan, ṣùgbọ́n òun ló ń fa ayùn wálẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni fífà wálẹ̀ yẹn ló ń gé igi. Gbogbo lẹ́búlẹ́bú pákó, ojú rẹ̀ ló ń bọ́ sí. Ọdún méjì gbáko ni Bàbá Ejìnrìn fi wà nínú kòtò. Wọ́n ní títí wọ́n fi kú, ojú wọn kì í ṣí tán láàárọ̀ bí wọn kò bá fi omi gbígbóná bọ́ ọ.

Ní 1924, àjàkálẹ̀ àrùn tí èkúté ń fà bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó, ó sì bá wọn jà fún ọdún bíi mélòó kan. Ìyẹn wà lára ohun tó mú kí ìjọba dá ìgbìmọ̀ tó ń tún ìlú Èkó ṣe sílẹ̀ ní 1928, tí wọ́n ń pè ní LEDB. Àwọn ni wọ́n la Yábà sí ojúlé-ojúlé. Ilé tuntun túmọ̀ sí òrùlé, òrùlé túmọ̀ sí pákó. Bàbá Ejìnrìn tẹ̀ lé iṣẹ́ rékọjá afárá Carter, wọ́n wá sí Èbúté Mẹ́ta, wọ́n gba àyè létí omi. Láti ọjọ́ yẹn ni a ò ti jìnnà sí ọ̀sà mọ́.

Níbẹ̀ ni òòlù wa ti wọ ìtàn.

Òfin igbó nígbà náà ni pé ẹni tó bá fẹ́ gé gẹdú gbọ́dọ̀ ní àmì tirẹ̀ tí ìjọba ti kọ sílẹ̀. Òòlù irin ni wọ́n fi ń lu àmì náà sí ojú gẹdú. Àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó ní òòlù ti ìjọba, oníṣẹ́ náà ní tirẹ̀. Bàbá Ejìnrìn kò mọ̀wé. Akọ̀wé kan bá wọn kọ E àti J sórí bébà, àwọn lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ ìlú wọn, wọ́n gbé e lọ fún alágbẹ̀dẹ. Lẹ́tà orí irú òòlù bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ ẹ̀yìn kí ó tó lè dúró dáadáa lára igi. Alágbẹ̀dẹ yí E sẹ́yìn bó ṣe yẹ, ó gbàgbé J. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n lu òòlù náà mọ́ gẹdú àkọ́kọ́, E dúró ṣinṣin, J kẹ̀yìn sí i bí ọkọ àti ìyàwó tó ń bínú. Akọ̀wé ní kí wọ́n dá a padà. Bàbá Ejìnrìn ní rárá o. Wọ́n ní olè tó bá fẹ́ ṣe ayédèrú àmì yìí, yóò tún J náà ṣe, ibẹ̀ ni wọn yóò ti mú un.

Òòlù náà wà lọ́wọ́ mi bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Ó wúwo ju bó ṣe rí lójú lọ. Èèkù igi rẹ̀ ni ẹ̀kẹrin, òpèpè ni, àmọ́ irin náà ni ti àkọ́kọ́. Bí mo bá fi àtàǹpàkò kan J yẹn, etí rẹ̀ kan ti jẹ, ibi tí ó ti kan igi líle tí à ń pè ní èkkì ní àìmọye ìgbà.

Ìwúlò àmì yẹn yé mi dáadáa nígbà tí mo gbọ́ nípa ayé Bàbá Àgbà, bàbá tó bí bàbá mi. Nígbà tiwọn, igi ńlá ti tán nítòsí. Òkè-odò lọ́hùn-ún, lágbègbè Òkìtìpupa àti igbó Oǹdó, ni gẹdú ti ń wá, ojú omi sì ni ọ̀nà rẹ̀. Wọn á yí gẹdú láti inú igbó sínú odò, wọn á so wọ́n mọ́ra wọn ní ìhà-ìhà, tí yóò fi tẹ́ lọ bíi àgbàlá. Àwọn ọmọ Ìlàjẹ ni ọ̀gá iṣẹ́ yìí. Orí gẹdú náà ni wọ́n ń sùn, lábẹ́ àtíbàbà tí wọ́n fi imọ̀ ọ̀pẹ bò. Wọ́n tẹ́ amọ̀ sí ojú kan, orí rẹ̀ ni wọ́n ti ń dáná ẹja. Wọ́n ń fi ọ̀pá tì í gba inú àwọn odò tóóró já sí ọ̀sà. Bí afẹ́fẹ́ bá kọjú sí wọn, wọn á so ó mọ́ èèkàn, wọn á máa wò. Ọ̀sẹ̀ á gorí ọ̀sẹ̀ kí wọ́n tó rí iná Èkó.

Kì í ṣe gbogbo igi ló ń léfòó. Èyí ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ohun tí Bàbá Àgbà fi sílẹ̀ fún wa. Èkkì a máa rì bí òkúta. Òpèpè pẹ̀lú wúwo. Arère ní tirẹ̀ fúyẹ́, ó funfun, ó rọ̀, owó rẹ̀ kò tó nǹkan. Àárín arère méjì ni wọ́n ń so èkkì sí, arère ni yóò gbé e dé ọjà. Bí wọ́n bá dé, èkkì á lọ sábẹ́ afárá àti èbúté, níbi tí wọ́n ti nílò igi tí omi kì í jẹ, owó ńlá ni wọ́n ń san lé e lórí. Arère tó gbé e wá á di àpótí àti àjà ilé àwọn tálákà. Bàbá Àgbà a máa la arère kí wọ́n tó fọwọ́ kan ohunkóhun mìíràn, nítorí pé bó bá pẹ́ nínú omi, àwọ̀ búlúù á wọ inú rẹ̀, kò sẹ́ni tí yóò rà á mọ́. "Arère kì í dúró de owó," bí wọ́n ṣe máa ń wí nìyẹn.

Bí ìjì bá wá já okùn, gẹdú á fọ́n ká. Òmíràn á lọ fi orí gbá òpó ilé ní Mákòókò, òmíràn á há sábẹ́ koríko lẹ́bàá Ìkòròdú. Ẹni tó bá rí i á yí i wo. Bó bá rí E tí J kẹ̀yìn sí, á ránṣẹ́ sí wa, Bàbá Àgbà á sì san owó ìwárí fún un láìjanpata. Wọ́n ní ní ọdún kan, nínú gẹdú mọ́kànléláàádọ́ta tó fọ́n lọ, méjìdínláàádọ́ta padà wálé. Ẹ̀yin tó mọ Èkó òde òní, ẹ bá mi rò ó.

Ayé Bàbá Àgbà ni owó wọlé jù. Láti 1955 ni wọ́n ti ń wó ilé ní àárín Ìsàlẹ̀ Èkó, tí wọ́n ń kó èèyàn lọ sí Sùúrùlérè. Ẹkún àwọn kan ni iṣẹ́ fún wa, n kò ní pa ìyẹn mọ́. Ní 1961, wọ́n ra ẹ̀rọ ìlagi àkọ́kọ́ lọ́wọ́ òyìnbó kan tó ń palẹ̀ mọ́ lọ sílé, ayùn rẹ̀ gùn bíi bẹ́líìtì, ó ń yí po lórí kẹ̀kẹ́ irin méjì. Bàbá wa, tí wọ́n jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin nígbà náà, sọ pé nígbà tí ẹ̀rọ náà la gẹdú kan tán láàárín ìwọ̀nba ìṣẹ́jú, àgbà tó ti ń fa ayùn kòtò fún ọgbọ̀n ọdún jókòó sílẹ̀, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. Bàbá Àgbà kò lé e lọ. Wọ́n fi í sídìí ayùn, kó máa pọ́n ọn.

Ibi tí mo ti fẹ́ dúró díẹ̀ nìyí. Bí wọ́n bá ń ka àwọn onígẹdú ìdílé wa níbi ìnáwó, wọn á ka Bàbá Ejìnrìn, wọn á ka Bàbá Àgbà, wọn á ka Bàbá wa, wọn á wá ka àbúrò mi. Wọn kì í ka Ìyá mi. Ó sì dùn mí.

Àjákù pákó àti èèpo gẹdú ni Ìyá mi ń tà. Nígbà tí wọ́n fẹ́ wọn wọ ilé wa, dídáná sun ni wọ́n ń dáná sun àwọn nǹkan wọ̀nyẹn létí omi. Ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣà á, wọ́n ń dì í. Wọ́n rí àwọn oníbúrẹ́dì tó ń lo ààrò alámọ̀, wọ́n rí àwọn obìnrin Ègùn ní Mákòókò tó ń yan ẹja. Wọ́n mọ igi tó ń jó pẹ́, wọ́n mọ èyí tí èéfín rẹ̀ ń ba ẹja jẹ́, wọn kì í sì í pò wọ́n. Ọkọ̀ ojú omi kékeré á wá láàárọ̀ kùtù, Ìyá mi á fi èédú fa ìlà sára ògiri ṣẹ́ẹ̀dì: ìlà gígùn fún ẹni tó san, ìlà kúkúrú fún ẹni tó jẹ gbèsè. Wọ́n gbọ́ Ègùn débi pé wọ́n ń bá àwọn oníbàárà wọn jà nínú rẹ̀, wọ́n sì ń bá wọn parí ìjà nínú rẹ̀. Àwọn ìlà náà ṣì wà lára ògiri títí di òní. Owó ilé ẹ̀kọ́ mi, láti fọ́ọ̀mù kìíní títí mo fi jáde kọ́lẹ́ẹ̀jì, ara ògiri yẹn ló ti wá.

Bàbá wa ní tiwọn, ọ̀mọ̀ràn igi ni wọ́n. Ẹ di ojú wọn, ẹ fún wọn ní pákó, wọn á fi ìka kàn án, wọn á gbóòórùn rẹ̀, wọn á sọ orúkọ rẹ̀ àti bó ṣe gbẹ tó. Arère tútù ní òórùn tí kò dára, ó máa ń yà mí lẹ́nu pé irú igi pẹ̀lẹ́ bẹ́ẹ̀ ń rùn tó bẹ́ẹ̀. Ìrókò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là pọ́n bí pupa inú ẹyin adìyẹ, ṣùgbọ́n tí oòrùn bá ti rí i, á ṣókùnkùn díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi dà bí kọfí. Ẹni tí kò bá mọ èyí lè rò pé igi méjì ni wọ́n fi ṣe tábìlì kan. Lẹ́búlẹ́bú ìrókò ń ta imú àti awọ ara, Bàbá wa húkọ́ títí dọjọ́ alẹ́ wọn. Wọ́n tún máa ń fi orúkọ igi yangàn fún wa. Wọ́n ní òyìnbó kò rí orúkọ mìíràn fún ìrókò, fún òpèpè, fún ìdígbó, fún abúrà. Orúkọ tí a ń pè é nígbó níbí ni wọ́n fi ń tà á ní Lọ́ńdọ̀nù.

Òkúta kan wà nínú dúrọ́ọ̀ wọn tí a bá lọ́jọ́ tí a ń palẹ̀ ẹrù mọ́. Ó tó ẹyin pẹ́pẹ́yẹ, ó ní àwọ̀ eérú, ó rí pálapàla. Àbúrò mi fẹ́ jù ú nù. Mo gbà á. Inú ìrókò ni òkúta yẹn ti wá. Ìrókò a máa dá òkúta sínú ara rẹ̀ níbi tó bá ti fara pa, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ láti ìta. Ọjọ́ tí ayùn wa kan èyí, ariwo tó dún mú kí gbogbo Oko Bàbá dákẹ́. Eyín ayùn mẹ́tàdínlógún ló fò. Dókítà ayùn, bí a ṣe ń pe ẹni tó ń tún un ṣe, lo ọjọ́ mẹ́rin lórí rẹ̀. Bàbá wa fi òkúta náà pamọ́, wọ́n sọ fún wa pé igi yẹn ti rí nǹkan kí àwa tó rí i.

Àárín ọdún 1970 sí 1979, owó epo rọ̀bì wà níta. Gbogbo èèyàn ń kọ́lé. Ní 1975, ọkọ̀ òkun tó kó sìmẹ́ńtì wá kún etíkun Èkó débi pé wọn ò rí àyè já ẹrù. Ibi tí sìmẹ́ńtì bá wà, pákó ni wọ́n fi ń gbà á dúró kó tó gbẹ. Ní 1976, ìjọba fòfin de kíkó gẹdú lódidi ta sókè òkun. A ò mọ̀ ọ́n lára tó bẹ́ẹ̀, ọjà ilé ti tó wa jẹ. Ìgbà yẹn ni wọ́n ń kọ́ apá kìíní afárá Third Mainland, tí wọ́n parí ní 1980, èyí tó kù parí ní 1990. Bó ṣe gba orí ọ̀sà wa kọjá nìyẹn. Àwọn tó ń gba orí rẹ̀ lọ síbi iṣẹ́ máa ń ti gíláàsì ọkọ̀ wọn nítorí èéfín wa.

Oṣù kẹsàn-án 1986 ni náírà bẹ̀rẹ̀ sí í já wálẹ̀ pẹ̀lú ètò ọrọ̀ ajé tuntun. Òkè òkun ni ayùn wa ti ń wá. Bàbá wa ti yáwó ní báǹkì kan láti ra ẹ̀rọ kejì kí èyí tó ṣẹlẹ̀, èlé náà gòkè, owó ayùn gòkè, wọ́n sì ta ilẹ̀ wọn ní Ìkòròdú láti fi san án. Wọn ò sọ̀rọ̀ nípa ilẹ̀ yẹn mọ́ láé. Ní 1993, iná jó ṣẹ́ẹ̀dì wa lóru. Lẹ́búlẹ́bú pákó máa ń jó nínú, láìmú ọwọ́ iná jáde, fún ọjọ́ púpọ̀. Mo rántí pé ọjọ́ kẹta, mo wọ bàtà kọjá níbẹ̀, ìsàlẹ̀ bàtà mi yọ́. Òòlù náà wà nínú eérú. Odidi ọjọ́ kan ni Ìyá mi fi wá a, wọ́n rí i, èèkù rẹ̀ ti jóná. Ìyá mi náà ló wá owó àkọ́kọ́ tí a fi tún ṣẹ́ẹ̀dì kọ́.

Báyìí, mo fẹ́ sọ ohun tó wà lọ́kàn mi gan-an.

Bí mo bá tò ó lẹ́sẹẹsẹ, igi tí Bàbá Ejìnrìn là kò jìnnà sí Ẹ̀pẹ́. Ti Bàbá Àgbà wá láti Oǹdó. Ti Bàbá wa wá láti Oǹdó àti Ẹdó, nígbà tó sì yá, tirela ń gbé e wá láti ibi tó jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìran kọ̀ọ̀kan ń rìn jìnnà sí i, igi ń tín-ínrín sí i. A mọ̀. Ìwé ọjà tí mo kọ lọ́wọ́ ara mi sọ ọ́: lójú ewé àtijọ́, gẹdú kan ń mú ọ̀pọ̀lọpọ̀ pákó tó fẹ̀ ní íńṣì méjìlá jáde, lójú ewé ìkẹyìn, tú-báì-fọ́ọ̀ ló pọ̀ jù nítorí pé igi náà kò lè mú ohun tó fẹ̀ jáde mọ́.

Àwọn àgbà ní ìgbà tí ìrókò wà ní kékeré ni à ń gé e, bó bá dàgbà tán, ẹbọ ni yóò máa gbà. Lónìí kò sí ìrókò tí à ń jẹ́ kó dàgbà débi ẹbọ. Ní ọdún tó ṣáájú ikú Bàbá wa, mo bi wọ́n léèrè lórí àga wọn nílé pé, "Bàbá, gbogbo ọdún yìí, igi mélòó la gbìn?" N ò bi wọ́n láti bú wọn. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Wọ́n wá ní, "A rò pé igbó ni yóò máa gbìn ín." Wọ́n yí ojú sí fèrèsé. N ò tún bi wọ́n mọ́.

Igbó Ọmọ wà ní ìpínlẹ̀ Ògùn, láti 1925 ni ìjọba ti yà á sọ́tọ̀. Wọ́n gbin igi kan síbẹ̀ tó ń jẹ́ gmelina, tí àwa ń pè ní melina, kó lè máa di bébà ní ilé iṣẹ́ tó wà ní Ìwòpin létí ọ̀sà. Bébà náà kò jáde bí wọ́n ṣe fọkàn sí i, ṣùgbọ́n melina hù. Òun ló ń wọ Oko Bàbá báyìí. Òun ni mo gbá mọ́ra láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Igi tí ẹlòmíràn gbìn fún ìdí mìíràn ni àbúrò mi fi ń bọ́ ọmọ rẹ̀. Èmi ò ka melina sí igi burúkú. Ó yára dàgbà, kò yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún méje tó bá na apá sí i kò ní rí ohun tí mo rí.

Láti ìgbà tí mo ti wà ní wúńdíá ni a ti ń gbọ́ pé wọn yóò kó àwọn onípákó kúrò ní Oko Bàbá. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ti kọ́ ọgbà tuntun sí Agbówà, wọ́n pè é ní Timberville. Èmi kò lòdì sí i bí àwọn kan ṣe lòdì sí i. Èéfín yẹn kò dára, mo mọ bí Bàbá wa ṣe húkọ́, omi tí a ń da lẹ́búlẹ́bú sí náà sì ti jìyà tó. Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn ni àwọn tí kò ní ṣẹ́ẹ̀dì, tí orúkọ wọn kò sí nínú ìwé ẹnikẹ́ni: àwọn alábàárù, àwọn tó ń wọ omi lọ so ṣéènì mọ́ gẹdú, àwọn obìnrin tó ń ra àjákù. Oníṣẹ́ lè kó ẹ̀rọ rẹ̀ lọ sí Agbówà. Ta ló máa kó ẹja yíyan Mákòókò lọ?

Agbówà kò jìnnà sí Ejìnrìn. Nígbà tí àbúrò mi sọ fún mi pé òun ti gba àyè níbẹ̀, ohun àkọ́kọ́ tó jáde lẹ́nu mi ni pé, "O ń padà sílé Bàbá Ejìnrìn nìyẹn." Ó ní òun ti rò ó lọ́nà. Omi yẹn kan náà ni, apá òkè rẹ̀ ni.

A palẹ̀ ẹrù títí ọ̀sán fi pọ́n. Mo ya fọ́tò àwọn ìlà Ìyá mi lára ògiri. Mo mú òkúta. Nígbà tó kan òòlù, mo nà án sí àbúrò mi, nítorí pé òun ló ni iṣẹ́. Ó gbà á, ó yí i wò, ó ní, "Àǹtí mi, ẹ gbé e lọ. Kò sẹ́ni tó ń bi wá ní àmì mọ́." Mo ní kó lù ú lẹ́ẹ̀kan kí n tó gbé e.

Ó lọ bá melina tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó gbé òòlù sókè bí Bàbá wa ṣe máa ń gbé e, ó fi ẹsẹ̀ ọ̀tún sẹ́yìn díẹ̀, ó sọ ọ́ kalẹ̀. Igi náà rọ̀, irin wọlé jìn ju bó ṣe yẹ lọ. Omi jáde yí àmì náà ká. Ọ̀dọ́mọkùnrin alábàárù kan tó ń kọjá dúró, ó tẹjú mọ́ ọn.

"Ọ̀gá," ó ní, "kí ló dé tí J yìí kẹ̀yìn?"

Àbúrò mi gbé òòlù sílẹ̀, ó fa àpótí kan jókòó, ó ní kí ọmọkùnrin náà jókòó.